Ojú Tó Ń Wò Mí Nínú Bọ́ọ̀sì Ìgbàrà-Òkè

Èmi kì í ṣe ẹni tí ọkùnrin máa ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹwà ni mo fẹ́ fi yangàn. Mo ga, mo tín-ín-rín, ẹnu mi mú, inú sì máa ń tètè bí mi. Màámi máa ń sọ pé bí mo bá wọ ilé ẹni, ìbínú mi ló máa ń kọ́kọ́ kí onílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láràárọ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbà pé èmi ló ń wò.

Ìgbàrà-Òkè ni mò ń gbé lọ́dọ̀ Màámi nígbà náà, Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tí Èkìtì kúrò lára wa tí wọ́n di ìpínlẹ̀ tiwọn. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní ọ́fíìsì wa ti kó ẹrù wọn lọ sí Adó, àyè sì ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí iṣẹ́ taípíìsì gbà. Tábìlì obìnrin kan tó ti lọ ni wọ́n fún mi. Ìyarun rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí tábìlì náà, pẹ̀lú irun díẹ̀ lára rẹ̀, àti sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo. Yàrá mẹ́rin ló wà ní títì pa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, tí kò sẹ́ni nínú wọn. Nígbà mìíràn èèyàn á gbọ́ pé wọ́n ń wọ́ àga nínú ọ̀kan. Wọ́n ní eku ni.

Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwa òṣìṣẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ máa ń gbéra kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn débi pé igi etí ọ̀nà kì í hàn títí a ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá dé Ìlárá, ọkùnrin náà á yọ látinú kùrukùru, á wọlé, á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Á tó ọmọ ogójì ọdún, tàbí kó dín díẹ̀. Aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, kì í sì í sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Èmi máa ń wà ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Dígí kékeré kan wà lókè orí dírẹ́bà, inú dígí yẹn ni ojú wa ti kọ́kọ́ pàdé.

Ó wò mí, ó gbójú kúrò wéré. Nígbà tó ṣe, ó tún wò. Kì í ṣe irú wíwò àwọn ọkùnrin gáréèjì, tí ojú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ẹni. Ojú mi nìkan ló ń wò, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Bí mo bá wò ó padà, á sọ orí kodò. Mo sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí báàgì tó gbé lé itan.

Mo sọ ọ́ fún Àlàájà, àgbà obìnrin ọmọ Àkúrẹ́ tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ìborí rẹ̀ fi yẹ̀.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi,” ó ní. “Ọkùnrin tó bá ń wo obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tiẹ̀ ti kúrò ní ṣeréṣeré. Ojú ń tì í ni. Má kọ́kọ́ lanu bá a sọ̀rọ̀ o. Ojú ni kó o fi dá a lóhùn títí á fi wá bá ọ dé ulé.”

Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn tí a jọ jáde ní girama ti ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí jéléósinmi. N kò fẹ́ sọ pé ó ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Mo gba ìmọ̀ràn Àlàájà.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́. Mo wé súkáàfù búlúù lọ́jọ́ kan, ó wò mí láti Ìlárá títí a fi wọ Àkúrẹ́, kò gbójú kúrò lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kejì mo wé pupa. Ó wò mí ní ìgbà kan péré, ó wá kọjú sí igbó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti ra súkáàfù búlúù méjì sí i. Mo dirun ní ṣùkú, kò kà á sí. Mo dì í ní pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ là gbòò. Mo lé tìróò, ó mí kanlẹ̀ débi pé mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan tí eyín ń dùn mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan tí èrò ẹ̀gbẹ́ mi sọ. Ọkùnrin náà di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, èmi tí wọ́n máa ń gbọ́ ẹ̀rín mi ní ilé kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Màámi bi mí bóyá kí a lọ yọ eyín náà.

Wọ́n ní ẹni tí à ń wò kì í wòran. Ìran tó yẹ kí n wò pọ̀, ṣùgbọ́n n kò wò ó. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí ọkùnrin tó ń wò mí láràárọ̀ kì í fi í yíjú sẹ́yìn, tó fi jẹ́ inú dígí nìkan ló ti ń wò. Inú mi ń dùn. Mo ń sáré jí láàárọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tí mi ò mọ ohùn rẹ̀ ju kíkí lọ.

Láàárín àkókò yìí, tíṣà kan ọmọ Ìkàrẹ́ wá sílé wa, ó jókòó, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Màámi pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Èèyàn dáadáa ni. Mo ní rárá. Nígbà tó lọ tán, Màámi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi.

“Ta lo wá rí?”

“Ẹnì kan ń bẹ, Màámi.”

“Kí ló sọ?”

“Kò tíì sọ nǹkan kan.”

Màámi wò mí títí. “Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ó ní, ó sì lọ bu omi sórí iná. Kó tó di ọdún Àjíǹde, tíṣà náà ti gbé ẹlòmíràn níyàwó.

Àádùn ló kọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà dé ọwọ́ mi. Dírẹ́bà ló nà án sí mi láti iwájú, wọ́n dì í sínú ewé. “Àǹtí, wọ́n ní kí n fún yín.” N kò fẹ́ràn àádùn láti kékeré, àgbàdo òun epo yẹn máa ń há mi lọ́fun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nínú dígí, ó ń dúró. Mo jẹ ẹ́, mo fi ọwọ́ nu ẹnu, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Èmi rò pé ìfẹ́ ni. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mò ń gbé àádùn mì bí oògùn.

Dírẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè. Ó kan jẹ́ ẹni tuntun lójú ọ̀nà wa ni, kò mọ ìdílé ẹnikẹ́ni. Ó ní ọkùnrin náà ń wádìí mi: ṣé Ìgbàrà-Òkè ni wọ́n bí mi sí, ṣé mo ní ìyá, ta ló mọ̀ mí ní kékeré.

“Kí lẹ sọ fún wọn?” mo bi í, ara mi ti ń yá gágá, nítorí ta ni ò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ á wádìí?

“Mo ní n kò mọ̀. Mo ní inú ọyẹ́ ni mo máa ń bá yín, ẹ̀yin nìkan, lábẹ́ igi tí ẹ ti máa ń wọkọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. “Wọ́n ní kí n máa rọra wa ọkọ̀ bí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀.”

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó yẹ kí n fi ronú. Mo ń ra ata ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí obìnrin kan tó gbé ọmọ dání dúró níwájú mi. Ó wo ojú mi, ó wo súkáàfù mi, ó wo irun tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó fa etí ìró rẹ̀, ó fi bo ojú ọmọ náà. “Má wò ó, ọma mi, má wò ó,” ó ń wí ní ohùn àwọn ará Oǹdó, ó ń fi ẹ̀yìn rìn, títí ó fi wọ àárín èrò. Tìmátì tó rà wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé orí rẹ̀ dàrú ni, mo sì san owó ata mi.

Ó pé oṣù mẹ́ta, sùúrù mi tán. Mo sọ pé inú máa ń tètè bí mi. Bí a ti dé Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yára bọ́ sílẹ̀, mo lọ dúró gangan níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí, ojú wa pàdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láìsí dígí láàárín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín dà?” mo ní. “Láti ìgbà ọyẹ́ lẹ ti ń wò mí. Ta lẹ rò pé mo jẹ́?”

Mo ti rí ẹni tí ìtìjú mú. Èyí kì í ṣe ìtìjú. Ojú rẹ̀ funfun, ó fi ẹ̀yìn lu ara ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó sì sáré. Lójúmọmọ, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sáré kọjá títì láìwo ọ̀tún láìwo òsì. Àwọn ọmọ gáréèjì hó yèè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tìróò lójú, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́ mẹ́jọ kò yọjú ní Ìlárá. N kò lè jẹun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá n kò rí ọkùnrin kankan rí, pé ìnìkanwà ló ń ṣe mí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bí mo ti bọ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, mo rí i ní òdìkejì títì. Kò súnmọ́ mi. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló sì ń wò.

“Ẹ ò lọ,” ó ní.

“Lọ síbo? Ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ yìí.”

“Mo rò pé ẹ ó ti lọ.” Ohùn rẹ̀ dùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ìyá kan wà ní Oǹdó tí mo fẹ́ kó rí yín. Lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kó tó dìgbà náà.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń kú lọ ni à á sọ irú ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti kọ tíṣà Ìkàrẹ́ kò gbọ́ ju ohun kan lọ: ó fẹ́ mú mi lọ mọ ìyá rẹ̀. Màámi ra búrẹ́dì ńlá kan fún mi kí n má lọ lọ́wọ́ òfo. Ó tún kó mílíìkì sí i, ó gbàdúrà lé mi lórí.

A wọ ọkọ̀ Oǹdó láàárọ̀ Sátidé. Ó jókòó síwájú, mo jókòó sẹ́yìn. A kọjá Ọ̀wẹ̀nà, oko kòkó ṣú dùdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ṣáájú, ó fi ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́wàá jìnnà sí mi, ó sì ń bojú wẹ̀yìn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò ní okùn.

Àdúgbò náà kún nígbà tí a wọ ibẹ̀. Obìnrin kan ń ku gàrí, àwọn mìíràn ń ṣa ẹ̀wà. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ẹni tó ń ku gàrí dìde, ó gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé. Àwọn tó ń ṣa ẹ̀wà náà wọlé. Mo ń gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wa, lọ́wọ́ ọ̀sán gangan, títí ó fi ku adìyẹ nìkan lójú pópó. Mo rò pé ìlara ló ń ṣe wọ́n. Mo gbé búrẹ́dì mi dání dáadáa.

Inú yàrá ìgbàlejò ni mo ti rí i. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri, òdòdó oníke yí i ká. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú súkáàfù búlúù, pàtẹ́wọ́ yọ níwájú orí rẹ̀. Ó lé tìróò. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ti gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ kó fi bo ẹnu. Èmi ni.

Imú rẹ̀ fẹ̀ ju tèmi lọ, mo rí ìyẹn nígbà tó yá. Àgbọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Ká ní ó bá mi ní Ìgbàrà-Òkè nígbà tí mo ṣì ń wé ohun tó wù mí, ì bá jẹ́ pé a kàn jọra díẹ̀ ni, bí èèyàn méjì ṣe lè jọra. Gbogbo ìyókù, ojú rẹ̀ ló fi kọ́ mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń to ara mi lẹ́yọ lẹ́yọ, láràárọ̀, títí mo fi di òkú obìnrin kan.

Ìyá arúgbó kan jókòó lábẹ́ fọ́tò náà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un, kò dìde. “Màmá, mo mú un wá,” ó ní. “Mo ní kí ẹ wá rí i. Àádùn ló ń jẹ. Mo lanu sí i lójú títì, àní ó bá mi sọ̀rọ̀, kò sì pòórá.”

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Ìyàwó rẹ̀ ló kú, ìyá ìyàwó rẹ̀ nìyí. Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ìtàn àkúdàáyà láti kékeré, òkú tó lọ ń gbé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣòwò, tó ń ṣiṣẹ́, àfi ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kò ó lójú kó di àwátì? Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń wò mí nínú dígí. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ń gbójú kúrò, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Ohun tí èmi àti Àlàájà pè ní ìtìjú, ẹ̀rù ni, kí ojú má baà ko ojú kí n sì lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Súnmọ́ mi,” ìyá náà wí.

Mo súnmọ́ ọn, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú ti bí mi. A kì í wo àgbà lójú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ á sọ orí kodò bí àgbà bá ń wò ó. Lọ́jọ́ náà, mo gbójú sókè, mo wo ìyá arúgbó yẹn nínú ẹyinjú, n kò sì ṣẹ́jú. Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

“Ọma tèmi kò wò mí lójú báyìí rí,” ó ní. “Láti ọjọ́ tí mo bí i títí mo fi sin ín, kò wò mí báyìí rí. Ọma ẹlòmíràn nìyí. Alààyè ni, inú sì ń bí i.” Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ó kọjú sí ọkùnrin náà. “Ọma mi, ó ti lọ. Jẹ́ kó lọ.”

Ọkùnrin náà gbórí sókè níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ó wò mí. Kò sí dígí, kò sí ẹ̀rù mọ́, ó wò mí tààrà gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gbàdúrà rẹ̀ láràárọ̀. Mo dúró. Mo ń fi ọkàn bẹ̀ ẹ́ pé bí ìwọ̀nba kékeré kan bá wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi, tó jẹ́ ti ọmọ Ìgbàrà-Òkè tó ń tẹ̀wé, kó jẹ́ kí n rí i. Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rá dé ibi ẹsẹ̀ ìyá náà, ó gbé orí lé e nítan, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni pé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé òkú wọlé.

Mo jowú òkú. Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Mo dúró lórí ẹsẹ̀ ara mi láàárín yàrá yẹn pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára mi, mo sì jowú obìnrin inú fọ́tò.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “èmi ni mo wà níbí o.”

“Mo mọ̀,” ó ní. Kò gbójú sókè.